Bí Ẹgbẹ́ Ọdẹ àti Àgbẹ̀ Ṣe Lè Ṣètò Pípa Àgbọ̀nrín ní Agbègbè Ìbàdàn

Àgbọ̀nrín èṣí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa igbó tó yí Ìbàdàn ká. Àwọn àgbà ọdẹ a máa júwe ibi tí ẹran ti ń jáde ní ìdájí nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀lé wọn dé ibẹ̀ lónìí, ilé epo, ilé ìjọsìn àti ilẹ̀ tí wọ́n ti gé sí pulọ́ọ̀tì ni ẹ óò bá. Ẹran tó kù ti sá sí ẹ̀bá odò, sí inú igbó ìjọba bíi ti Gàm̀bàrí àti Ìjàyè, àti sí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó lè sinmi. Ẹgbẹ́ ọdẹ, baálẹ̀ àti àgbẹ̀ tó wà ní Ìdó, Akínyẹ̀lé, Olúyọ̀lé, Ọ̀nà-Àrà àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn létí ìlú ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. N kò wá gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ. Ohun tí mo ń wá ni pé kí iye tí a ń pa lọ́dún má ju iye tí igbó lè dá padà lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹran náà

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo orúkọ àgbọ̀nrín fún ẹran oníwo ẹlẹ́ka tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìwo ẹran ti òkèèrè máa ń já dànù lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í já, akọ nìkan ló ń hù ú, ó sì lọ́ díẹ̀ bí okùn. Ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà àti tótó funfun sì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun sà á. Akọ tóbi ju abo lọ, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa dúdú sí i bí ó ti ń dàgbà. Kì í rìn ní agbo. Ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó máa ń jẹun jù, bí ẹ̀rù bá sì bà á, a gbó bí ajá, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa wá ajá kiri inú igbó.

Abo a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Yóò fi ọmọ náà pamọ́ sínú igbó dídí, yóò máa padà wá fún un lọ́mú, yóò sì máa jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà kí òórùn rẹ̀ má baà fa ẹranko apẹran wá. Nígbà tí ọdẹ bá pa abo tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹran méjì ni ó pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ni ó gbé wálé.

Ẹ má ṣe da etu pọ̀ mọ́ ọn nínú òfin tí ẹ óò ṣe. Etu kéré púpọ̀ sí àgbọ̀nrín, àti akọ àti abo rẹ̀ ló sì lè ní ìwo, nítorí náà òfin tó bá sọ pé “oníwo nìkan ni kí ẹ yìnbọn sí” kò ní dáàbò bo abo etu rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ètò bẹ́ẹ̀ ka etu léèwọ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́ ná.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ká tó tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá ka ìlànà tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà nípa ẹran oníwo ẹlẹ́ka tiwọn, ẹ óò rí i pé wọ́n ń rọ ọdẹ láti pa abo. Ìdí rẹ̀ nìyí: ní nǹkan bí ọdún 1900, ọdẹ àti oníṣòwò ẹran ti pa ẹran onírù funfun tiwọn débi pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ló kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n wá ṣòfin ìwé àṣẹ, wọ́n fi òpin sí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè pa, wọ́n ti àwọn oṣù kan pa, nígbà tó sì di ọdún 1937 wọ́n ṣe òfin tó ń ya owó orí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko igbó. Ẹran náà padà pọ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n. Àwọn ìkookò tó ń pa wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀ ti tán ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà wọ́n ń jẹ igi kéékèèké run, ọkọ̀ sì ń kọlù wọ́n lójú títì. Akọ kan lè gun abo púpọ̀, nítorí náà pípa akọ kò lè dín wọn kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa abo. Ibi tí wọ́n wà ní ọdún 1900 ni àwa wà báyìí. Ìmọ̀ kan náà ni a óò lò, ṣùgbọ́n a óò yí ojú rẹ̀ padà: akọ díẹ̀ ni kí a pa, kí a sì fi abo sílẹ̀ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ lọ bá ìjọba

Òfin àpapọ̀ kan wà lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ tán, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1985 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2016. Ó pín ẹranko sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa rárá, àti àwọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ pa láìgba ìwé àṣẹ. Òfin ìpínlẹ̀ tún wà lórí igbó ìjọba. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹran tí ọmọ ẹgbẹ́ yín ń pa sínú ìwé kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní Sẹ́kítéríàtì Agodi, kí wọ́n lè sọ ìhà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún yín. Ìdáhùn tó wà nínú ìwé ni kí ẹ gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ran yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí gáàdì igbó bá dá yín dúró. Kí oníkálukú sì rí i pé ìwé àṣẹ ìbọn òun ṣì wà lójú iṣẹ́, títí kan ìbọn ṣakabùlà.

Àwọn ibì kan wà tí ètò yìí kò kàn. Ọdẹ kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ igbó tí àwọn IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ń tọ́jú ní ẹ̀bá Mọ́níyà. Ẹ má wo irú igbó bẹ́ẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi dù yín. Bí ẹran bá pọ̀ sí i níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ akọ tí àgbà akọ lé jáde yóò wá ibòmíràn gbé, wọ́n sì lè dé ilẹ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín ilẹ̀

Ẹ pe àwọn mọ́gàjí tó ni ilẹ̀, baálẹ̀, olórí ọdẹ, àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko níbẹ̀, àti àwọn Bororo bí wọ́n bá ń da màlúù gba ibẹ̀ kọjá. Láìsí àwọn onílẹ̀, òfin tí ọdẹ bá ṣe kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi ta ilẹ̀ náà mọ́ ọn lórí. Ẹ fi fóònù rìn yí ààlà ká, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí pépà ńlá, kí ẹ sì fi odò, ọ̀nà, oko àti igbó dídí hàn lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan apá kan tí ẹnikẹ́ni kò ní yìnbọn níbẹ̀ rárá, lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí omi wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ ibi tó dí jù. Àwọn kan a máa fẹ́ fi ibi tó ti ṣá, tí ẹran kò sí, ṣe ibi àìfọwọ́kàn. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi ìkòkò òfìfo tọrẹ. Ẹ so màrìwò mọ́ igi ààlà rẹ̀, kí ẹ sì pa àálè sí ẹnu ọ̀nà tó wọ ibẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé pátákó ìkìlọ̀ sí tí wọ́n sì jí pátákó náà gbé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó jí màrìwò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kà wọ́n

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò. Kò sẹ́ni tó lè ka àgbọ̀nrín bí ẹni ń ka adìyẹ, nítorí pé yóò ti rí yín kí ẹ tó rí i. Ohun tí a ń kà ni àmì rẹ̀. Ẹ la ọ̀nà tóóró márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà kan, kí díẹ̀ nínú wọn gba inú ibi àìfọwọ́kàn kọjá, kí àwọn tó kù gba ibi tí a ti ń dẹ̀gbẹ́. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ènìyàn méjì rin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kùtùkùtù, láìmú ìbọn àti ajá dání. Ọ̀kan yóò máa wo ilẹ̀, èkejì yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín dà bí awẹ́ obì méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ṣóńṣó wọn kọjú síbi tí ẹran náà ń lọ. Ti ewúrẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ kúńdú jù ú lọ, ẹ ó sì sábà máa rí i lọ́pọ̀ lójú kan, nítorí pé ewúrẹ́ kì í dá rìn. Ìgbẹ́ àgbọ̀nrín jẹ́ hóró kéékèèké dúdú tó kó jọ. Bí ó bá ń dán, tí ó sì rọ̀ nígbà tí ẹ fi igi tẹ̀ ẹ́, ti òru mọ́jú ni; bí ó bá ti ṣú tó sì ti sán, ó ti pẹ́. Ẹ ka òkìtì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, ẹ má ka hóró. Nígbà tí ẹ bá kà á tán, ẹ fi ewé gbá a kúrò lójú ọ̀nà, kí ó lè jẹ́ pé tuntun nìkan ni ẹ óò bá nígbà tí ẹ bá tún padà wá. Gbígbá yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé láìsí rẹ̀ ẹ óò máa ka ìgbẹ́ kan náà ní ìgbà mẹ́ta, ẹ óò sì máa yọ̀ pé ẹran ń pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá lówó, kámẹ́rà tó ń dá ya àwòrán, èyí tí a ń so mọ́ igi, yóò fi akọ, abo àti ọmọ hàn yín ní òru. Bí ẹ kò bá lówó, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń rí sí ẹranko igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ilẹ̀ tí ọdẹ fúnra wọn ṣí sílẹ̀ fún wọn kò sì wọ́pọ̀. Ọdún kan gbáko ni kí ẹ fi kà á kí ẹ tó pa ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí ni yóò dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣírò iye tí ẹ lè pa

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé gbogbo àmì tí ẹ kà fi hàn pé nǹkan bí àgbọ̀nrín 24 ló wà ní ilẹ̀ yín: abo àgbà 12, akọ àgbà 6, ọmọ 6. Ká sọ pé mẹ́sàn-án nínú àwọn abo náà bímọ láàárín ọdún. Erè yóò gbé nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ajá oko yóò pa nínú wọn, òmíràn yóò ṣàìsàn. Bí mẹ́rin bá dàgbà, ẹ dúpẹ́. Àgbà méjì tún lè kú fúnra wọn. Èrè igbó lọ́dún náà jẹ́ méjì péré, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín sì ti lè fi ọ̀kan nínú méjèèjì sínú àpò. Akọ kan ṣoṣo ni ẹ lè pa láìjẹ gbèsè. Bí ẹ bá pa méjì, tí ará ìta kò sì pa kankan, ẹ dúró lójú kan. Bí ẹ bá pa mẹ́ta, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó.

Ó dára bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kí ni ẹ óò sọ fún ogójì ọdẹ tó jókòó sílẹ̀ pé ẹran kan ni? Èrò tèmi ni pé kí ẹran náà jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ẹ ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò yìn ín, kí ẹni náà gba orí, awọ àti itan kan, kí a mú ìpín baálẹ̀ àti ti olórí ọdẹ kúrò gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, kí a sì pín ìyókù tàbí kí a tà á fún àpò ẹgbẹ́. Kí àwọn tó kù yíjú sí ọ̀yà, èyí tó lè bí nǹkan bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Igbó a máa dá ọ̀yà padà kíákíá ju bí ó ti ń dá àgbọ̀nrín padà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òfin ìbọn

Ẹ má ṣe pa àgbọ̀nrín láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Kì í ṣe pé ó ní oṣù kan pàtó tó fi ń bímọ níhìn-ín. Ìdí rẹ̀ ni pé ewé máa ń dí nígbà òjò, ọdẹ a sì yìnbọn sí ohun tó mi igbó láì rí orí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà máa ń là, a sì lè rí ìwo. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí èyí: ẹni tí kò bá rí ìwo kò gbọdọ̀ fa ìbọn. Nítorí òfin yìí kan náà ni ẹ óò ṣe fi iná orí sílẹ̀ bí ẹ bá ń wá àgbọ̀nrín, torí pé ojú ẹran ló ń tàn nínú iná, ojú abo àti ojú akọ kò sì yàtọ̀ síra. Ojú ènìyàn gan-an ti ṣìnà nínú irú iná bẹ́ẹ̀, a sì mọ ìdílé tó ti fi ọmọ san án.

Ní oṣù kìíní ọdún kan, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kun àgbọ̀nrín. Nígbà tí ìyá tó ń kun ún la ikùn rẹ̀, ọmọ kan jáde wá pẹ̀lú omi, ó ti hu irun, tótó funfun ti yọ lẹ́bàá ìhà rẹ̀, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì funfun, ó rọ̀ bí àgbọn tútù. Ìyá náà rí i pé mo ń wò ó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹran náà ni, ó tilẹ̀ rọ̀ ju ìyá ẹ̀ lọ.” Ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò bá a wíjọ́, nítorí pé òun kọ́ ló yìnbọn. Ẹni tó yìn ín kò sì mọ̀ pé abo ni títí tó fi débẹ̀.

Wáyà tí wọ́n fi ń dẹ pàkúté ni kí ẹ kó kúrò nínú igbó pátápátá. Ìbọn ṣì ń dúró de ìdájọ́ ọdẹ; wáyà kò mọ akọ, kò mọ abo, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá ẹni tó dẹ ẹ́ ti gbàgbé rẹ̀. Ẹran a máa jẹrà sínú rẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta láti rin igbó fún kíkó wáyà, kí ẹ sì san owó díẹ̀ fún ọmọdé tó bá mú wáyà wá, ṣùgbọ́n kí owó náà má pọ̀ tó èyí tí yóò mú kó dára láti máa dẹ ẹ́ kí a lè tú u. Kí a sì fòfin de títi iná bọ igbó fún ọdẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbọ́ ẹjọ́ àgbẹ̀

Àgbẹ̀ tí àgbọ̀nrín jẹ ewé ẹ̀wà àti ilá rẹ̀ ní òru kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹranko, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ lọ wo oko náà láàárín ọjọ́ méjì, kí wọ́n rí i dájú bóyá ìtẹ̀ ẹran náà ni tàbí ti ewúrẹ́ aládùúgbò. Kí àpò ẹgbẹ́ ra nẹ́ẹ̀tì tí a ó fi sọgbà yí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ká fún oṣù tí wọ́n ń yọ ewé. Kò pọn dandan láti sọgbà yí oko ẹ̀gẹ́ tó ti ga ká. Bí akọ kan bá ń padà wá ṣáá, òun ni kí ẹ fi ṣe ẹran ọdún náà, dípò kí ẹ lọ wá èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìtọ́jú ẹran àti àkọsílẹ̀

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹran tí ẹ bá bá ní òkú, àgàgà èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀ tí kò sì dì. Ó lè jẹ́ àrùn anthrax, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù keje ọdún 2023, tó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má la ikùn rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran.

Fún ẹran tí ẹ pa, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti pa á, ìwọ̀n rẹ̀, gígùn ìwo rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó pa á. Ẹ se egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ilé ìpàdé. Eyín tó ti jẹ dé ìdí ń fi hàn pé ó dàgbà; eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ń fi hàn pé ọ̀dọ́ ni. Bí àgbọ̀n tí ẹ gbé kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kìkì ti ọ̀dọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn àgbà akọ ti ń tán nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìpàdé ọdún

Ní oṣù kẹwàá, kí àsìkò ìdẹ̀gbẹ́ tuntun tó ṣí, ẹ tẹ́ ìwé kíkà ti ọdún méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó pa abo, ẹni tó dẹ wáyà àti ẹni tó wọ ibi àìfọwọ́kàn, ọjọ́ yìí ni a óò dá ẹjọ́ wọn. Ìtanràn owó dára, ṣùgbọ́n gbígba ipò kèké rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ló máa ń dun ọdẹ jù. Ẹni tó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ṣèèṣì yìnbọn sí abo ni kí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ mọ, torí pé bí ìyà bá le jù, wọn yóò máa sin ẹran mọ́lẹ̀, ìwé yín yóò sì máa purọ́.

Bí iye ìgbẹ́ àti ipa ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí i ju ti èṣí, ẹ pa iye kan náà tí ẹ pa tẹ́lẹ̀, ẹ má fi kún un títí yóò fi pé ọdún méjì tó ń pọ̀ sí i léraléra. Bí ó bá dín kù, àní bí ó jẹ́ díẹ̀, ẹ kó kèké sínú àpò, kí ẹ sì ti igbó náà pa fún ọdún méjì gbáko. Kí kíkà àmì àti kíkó wáyà máa lọ láàárín ọdún méjèèjì náà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ìbọn ṣì ń dún.